Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Alága Náà Tò

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tí ẹ fi Onitsha ṣe ibùgbé, láti GRA dé Fegge, láti Woliwo dé Odoakpu, ẹ fetí sí mi. Ọdọọdún tí a bá tẹ ìwé ìrántí yìí, ìyìn ló máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí kò sì burú, nítorí ẹni tó ṣe dáadáa yẹ kó gba oríyìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ìyìn. Ó dá lórí bí ó ṣe yẹ kí ọmọ pẹ́ tó lórí láìnì kí ó tó gun ẹ̀rọ ìṣeré ní ọgbà ìgbafẹ́, àti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gùn ún. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni, mo bẹ̀ ẹ́, kó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Mo fara mọ́ ọn pé kí ọmọ tò. Mo fara mọ́ ọn pé kí ó dúró níwọ̀nba. Ohun tí n kò gbà ni pé kí ọmọ kan dúró nínú oòrùn fún nǹkan bíi wákàtí méjì, kí ọmọ mìíràn tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olóyè ẹgbẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, kí ó gun ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí a sì máa pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀ báyìí pé ní Ọjọ́ Ọmọdé tó ń bọ̀, 27 May, a ó tẹ káàdì aláwọ̀ wúrà fún àwọn ọmọ olóyè àti ọmọ àwọn tó dáwó ńlá, kí wọ́n má baà tò. Káàdì yẹn ni mo wá bá jà.

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wa tí a bí láàárín 1985 sí 1995 kò jẹ́ gbàgbé Rojenny Tourist Village ní Oba, ní ọ̀nà Owerri. Àwọn tó ń lọ sílé lọ́dún máa ń kó ọmọ lọ sí Trans Amusement Park ní Ìbàdàn, èyí tí Noo Saro-Wiwa fi orúkọ rẹ̀ mìíràn sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ ní 2012, Looking for Transwonderland. Bí kò bá sí èyí, ilé oúnjẹ tó ní bouncing castle lẹ́yìnkùlé ni, tàbí pápá tí a háyà, tí wọ́n gbé jáńgílọ́fà, merry-go-round àti bumper car mẹ́fà wá sí, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ kan tó ń wúkọ́ bí arúgbó. Níbi tí ẹ̀rọ bá kéré tí ọmọ sì pọ̀, láìnì ni ọmọ máa rí ju eré lọ.

Ní Ọjọ́ Ọmọdé kan tí kò tíì pẹ́, ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a bọ́ sórí láìnì merry-go-round. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù kí ó tó kàn wá. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ o, ó ń yí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti dúró, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á na ọwọ́ sí wa, á ní kí a ṣe sùúrù, ìdílé kan á sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: ìyá pẹ̀lú gèlè, dẹ́rẹ́bà tó gbé báàgì, àti ọmọ mẹ́rin márùn-ún. Ọmọbìnrin ọdún méje kan tó dúró níwájú mi yíjú padà, ó ní, “Ańkù, ṣé àwa ò sanwó ni?” Mo ní a sanwó. Ó ní, “Ṣé àwọn yẹn náà sanwó?” Mo ní wọ́n sanwó. Ó wo àwọn tó ń yí lórí ẹṣin, kò sì bi mí ní nǹkan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wa, ìṣirò kì í ṣe àjèjì sí wa. Ká sọ pé ẹ̀rọ náà ń gba ọmọ 20 lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí wọ́n bá gùn ún, tí ó yí, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn mìíràn sì gòkè, ká fi í sí ìṣẹ́jú 6. Bí ọmọ 120 bá wà níwájú tìrẹ, ìgbà 6 ni ẹ̀rọ yóò yí kó tó kàn án, ìyẹn ìṣẹ́jú 36. Nísinsìnyí, fi ọmọ olóyè 5 kún un ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbéra. Ààyè 15 ló ṣẹ́ kù fún àwọn tó tò. Ìgbà 8 ni yóò wá yí, ìyẹn ìṣẹ́jú 48. Bí àwọn olóyè bá sì dé tọmọtọmọ lọ́sàn-án, tí wọ́n ń gba ààyè 10 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 12 ni, ìṣẹ́jú 72. Ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kò rò pé òun gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ṣáà mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni ọmọ òun lò. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ 120 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló san gbèsè náà.

Ìṣirò yìí kì í ṣe àdábọwọ́ tèmi. John Little, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti fi ìdí irú rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961, pé iye ènìyàn tó wà lórí láìnì, bí wọ́n ṣe ń yára dé sí, àti bí olúkúlùkù ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀ so mọ́ra wọn, ẹni tó bá mọ méjì ti mọ ẹ̀kẹta. Nítorí náà, òbí tó bá dé ìdí láìnì, kó má kàn fi ojú wọ̀n ọ́n kó sì wọ inú rẹ̀. Kó ka orí. Kó wo iye ọmọ tí ẹ̀rọ ń gbà. Kó fi aago wo ìgbà kan ṣoṣo tó yí. Kí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ kan sórí láìnì ni òbí á ti mọ̀ bóyá ó tọ́ kí wọ́n tò tàbí kí wọ́n lọ jẹ áísìkiriìmù ná.

Ó ku báwo ló ṣe yẹ kí ìdúró náà pẹ́ tó. Èmi ní ìlànà tèmi, ẹni tó bá ní tirẹ̀ kó mú un wá sípàdé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ìṣẹ́jú 20. Láti ọdún mẹ́fà dé méjìlá, ìṣẹ́jú 40, bí ibòji àti omi bá wà. Bí kò bá sí ibòji, ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún méjìlá lè fúnra rẹ̀ pinnu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í yí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin lọ. Kò sí ìṣẹ́jú mẹ́ta ayé yìí tó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́rin tìtorí rẹ̀ sunkún fún wákàtí kan, kí ìyá rẹ̀ sì tún gbá a létí nítorí pé ó ń sunkún. Mo ti rí i. Ìyá náà kì í ṣe ìkà, oòrùn ló ti pa á. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó tò. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ìlà lára ògiri, ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá dé ìlà náà kò ní gùn ún, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì bojú wo ìlà yìí títí wọ́n á fi dé iwájú pátápátá, tí wọ́n á wá máa bá òṣìṣẹ́ jà. Ìlà yẹn kì í ṣe ìyà, ààbò ọmọ ni.

Àwọn tó ń ti káàdì wúrà lẹ́yìn máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní òkè òkun. Ẹni tó ti mú ọmọ dé Disney World ní Florida rí ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Òótọ́ ló ń sọ, àmọ́ kó sọ ọ́ tán. Ní 1999 tí Disney dá Fastpass sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Olówó àti tálákà tó bá ti sanwó ẹnu ọ̀nà lè gba tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ aago sí, kó lọ máa ṣe nǹkan mìíràn, kó padà wá nígbà tí aago bá pé. Ọgbọ́n tó dára ni. Ní 2021 ni wọ́n pa ti ọ̀fẹ́ rẹ́, wọ́n gbé èyí tí à ń sanwó fún wọlé. Nígbà tó fi máa di 2024, wọ́n gbé òmíràn jáde tí owó rẹ̀ lè ju 400 dọ́là lọ fún ẹnì kan ṣoṣo, fún ọjọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ wo bí ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìrọ̀rùn fún gbogbo ènìyàn ṣe di ọjà.

Kò tán síbẹ̀ o. Ní 2013, ìròyìn gba ìlú New York kan pé àwọn olówó kan ń háyà ẹni tó ní àbùkù ara kó máa bá wọn rìn káàkiri ọgbà Disney, nítorí kí wọ́n lè gba iwájú tí a fi sílẹ̀ fún aláìlera. Kí ọdún yẹn tó parí, Disney yí ìlànà náà padà, àwọn aláìlera tòótọ́ ló sì wá ń rojọ́ pé ọ̀rọ̀ ti le fún àwọn. Bí káàdì àǹfààní bá ti wọ ìlú, ẹni tí kò tọ́ sí ló máa ń kọ́kọ́ mọ ọ̀nà rẹ̀.

Síbẹ̀, Disney ń tajà, ẹni tó ń tajà lè ta ohun tó wù ú. Àwa kò tajà. Owó oṣù la fi ń kó ọmọ wa jáde, owó kan náà ni télọ̀ àti oníṣòwò ńlá ń san fún oṣù nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó bá dáwó kún un, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a pè é sórí tábìlì ńlá, fọ́tò rẹ̀ sì gba ojú ewé kan gbáko nínú ìwé yìí, ẹ ṣí i wò. Èrè rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ibi tí a ti bá a ṣàdéhùn pé yóò ra ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn mìíràn á ní Nàìjíríà nìyí, àwa kì í tò. Irọ́ ni. Ní 20 March 1984, ìjọba Buhari àti Idiagbon gbé War Against Indiscipline kalẹ̀, láìnì ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà rántí sójà pẹ̀lú kòbókò ní ibùdókọ̀. A tò, tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ní August 1985, láìnì bá wọn lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ nínú ìtàn yìí á ní ẹgba nìkan la mọ̀. Ṣùgbọ́n ní March 2008, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Mile 12 sí CMS ní Èkó. Àwọn ará Èkó kan náà tí wọ́n ń gba ojú fèrèsé wọ mólúè, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún BRT, kò sì sí sójà tó dúró tì wọ́n. Ohun tó fà á kò le láti mọ̀. Wọ́n rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ báńkì, ìbáà ṣe alábàárù. Láìnì tí kò bá mọ ojú ẹnikẹ́ni, ènìyàn á dúró lórí rẹ̀. Èyí tó bá mọ ojú àwọn kan, kòbókò nìkan ló lè tọ́jú rẹ̀.

Kí a tilẹ̀ fi Èkó sílẹ̀. Ní ìlú yìí gan-an, kí wọ́n tó ṣí afárá kejì lórí Odò Ọya sílẹ̀ fún ọkọ̀ ní December 2022, ta ni kò mọ ìyà tó ń jẹ wá lórí afárá àtijọ́ bí Kérésì bá ti sún mọ́lé? Wákàtí mélòó ni a lò níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, pẹ̀lú adìyẹ nínú búùtù? Kò sì sí ohun tó ń bí wa nínú tó ọkọ̀ onísáírìnì tó gba one-way kọjá lára wa. A máa ń ṣépè fún un, a máa ń bi ara wa pé ìyá wo ló bí wọn. Àwa tí à ń ṣépè náà la fẹ́ lọ tẹ káàdì wúrà fún ọmọ ara wa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ló kù, òun ló sì le jù, nítorí àṣà wa ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní Yorùbá kì í jẹ́ kí àgbà dúró lórí ìdúró. Mo gbà. Bí Bàbá wa tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún bá wọ gbọ̀ngàn, gbogbo wa á dìde, a ó gbé àga fún wọn, iwájú wọn ni oúnjẹ á kọ́kọ́ dé, èmi náà á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n Bàbá kò fẹ́ gun merry-go-round. Ọmọ-ọmọ Bàbá ló fẹ́ gùn ún, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ọmọ télọ̀ tó sì wà níwájú rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bí a bá fẹ́ tẹ̀lé àṣà dé góńgó, ọmọ télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n, òun ni kí èkejì kí, kó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní kí àgbà wà lọ́jà kó máa ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó tò rárá, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Aláboyún tó mú ọmọ wá. Ìyá àgbà tó tẹ̀ lé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ SS, àwọn tí àìsàn wọn ń jẹ́ fòní-kú-fọ̀la-dìde lẹ́nu àwọn bàbá wa. Òǹgbẹ, ooru àti àárẹ̀ lè mú kí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, kí eré di ọ̀rọ̀ ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n wà láàárín wa, ó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn òbí wọn kì í fẹ́ sọ ọ́ láàárín èrò, n kò sì bá wọn wí, nítorí ẹnu ayé kò dára. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé kí nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa gba orúkọ wọn níkọ̀kọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kó fún wọn ní okùn ọwọ́, kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jẹ́ kí wọ́n wọlé láìbéèrè ọ̀rọ̀ kankan. Bí káàdì kan bá máa wà nínú ẹgbẹ́ yìí, tiwọn ni. Ẹ sì wò ó bí ó ṣe máa rí bí ọmọ olóyè mẹ́wàá bá ti dúró ṣáájú ní ẹnu ọ̀nà kan náà.

Àlejò ni a jẹ́ níbí pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí a ti dé. Ní 1857 ni Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Onitsha, tó fi J. C. Taylor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Sàró, sílẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ. A ti bá onílé jẹ, a ti bá wọn mu. Àwọn ọmọ wa gbọ́ Ìgbò ju Yorùbá lọ (ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn), Ìgbò náà ni wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ lórí láìnì. Ọdọọdún ni a sì ń ní kí wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn láti ilé ìwé wá. Bí ọ̀rẹ́ ọmọ wa bá wá, tí ó tò, tí ó rí i tí ọmọ Yorùbá kan gba iwájú òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú káàdì, kí ni ọmọ tiwa máa sọ fún un? Ṣé á ní “biko, má bínú, bàbá rẹ̀ lówó ju tèmi lọ” ni?

Ohun tí mo dábàá kò le. Kí a pín ọmọ sí ọ̀wọ́ ogún-ogún gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn, kí a má ṣe wo orúkọ bàbá. Kí a kọ aago sí ọwọ́ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: àwọn wọ̀nyí níbi merry-go-round ní aago mẹ́wàá, àwọn tọ̀hún níbi bumper car, àwọn yòókù lábẹ́ kánópì pẹ̀lú omi, ọpọ́n ayò àti eré tẹ́ńtẹ́ń, títí aago tiwọn á fi pé. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, kò ní sí ọmọ tó máa dúró ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Kí a tún wo ọgbọ́n kan tí wọ́n ń lò ní Disney: wọ́n á fi káàdì pupa lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí láìnì lọ́wọ́, á dá a padà nígbà tó bá dé iwájú, wọ́n á sì fi mọ bí láìnì ṣe gùn tó gan-an. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe iṣẹ́ yìí, yóò sì dùn mọ́ ọn. Kí a kọ ìṣẹ́jú náà sójú pátákó kí gbogbo òbí lè rí i. Kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra wọn sì dúró lórí láìnì pẹ̀lú ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, dípò kí wọ́n jókòó sábẹ́ fáànù.

Bí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ bá pé, èmi yóò dìde dábàá pé kí a fagi lé káàdì wúrà. Mo ń fẹ́ ẹni tí yóò ti àbá náà lẹ́yìn. Mo sì fẹ́ kí a nawọ́ sókè dìbò, kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá nawọ́ fún káàdì náà sínú ìwé ìpàdé, kí ó sì kà á sókè fún wa ní Ọjọ́ Ọmọdé, lójú àwọn ọmọ.